Orúnkún Tó Ń Sáré, Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí ènìyàn nílẹ̀ òyìnbó, òṣìṣẹ́ méjì ló sáré wá gbé mi dìde. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, nílùú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú mi wọ yàrá ìyá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Irun rẹ̀ funfun báláú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo títì. Ta ni yóò dúró ṣánṣán níwájú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kó máa kí i? Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá náà na ọwọ́, ó tẹ aago ìpè.

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí kò lágbára," ló sọ fún àwọn tó sáré wọlé. "Ẹ wá òmíràn."

Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ìkíni ni, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Jóònì ni òun ń jẹ́, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹgbẹ́ ìyá ìyá mi ni. Nígbà tó yá, a fẹnu kò sí Màmá Jóònì. Bí ará Igbó-Ọrà, ìlú mi, bá gbọ́ ọ, á rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ́ Jóònì, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò bímọ rí.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ṣe nílé. Ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Ìbàdàn ló gbà mí, àti pé nítorí ọmọ Ìbàràpá ni mí, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ síbẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀: ọ̀nà tó bàjẹ́, ìjà ààlà ilẹ̀, iṣu tó ń jẹrà lóko Igangan torí kò sí ọkọ̀ tó lè wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Mo mọ bí a ti ń gbé máíkì sí àgbẹ̀ lẹ́nu tí kò fi ní gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ìbéèrè ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, èmi ni wọ́n ń bi, ìbéèrè kan ṣoṣo náà sì ni: níbo lo ti wá gan-an? Bí mo bá ní Nàìjíríà, wọ́n á mi orí. Kò sẹ́ni tó béèrè apá ibi tí Igbó-Ọrà wà nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo ọkọ̀ pátá, bí a ti ń ṣe tí a bá wọ mọ́tò n'Ígbó-Ọrà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi níbi tí mo ń gbé, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí mo fi kó kúrò níbẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí kò bá wúkọ́ lọ́jọ́ kan, ọkàn mi kì í balẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò láyà láti kan ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì kì í tètè dé. Lọ́jọ́ kan tó pẹ́ jù, mo fẹsẹ̀ sáré gba etí odò lọ síbi iṣẹ́. Àwọn mìíràn náà ń sáré létí odò náà, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́, wọn kò sì pẹ́ fún ibì kankan. Ẹni tó bá ń bọ̀ níwájú á gbé ọwọ́ sókè, á ní ẹ káàárọ̀. Irú àwọn tí kì í wojú mi nínú bọ́ọ̀sì náà ni o. Nígbà tí mo fi máa débi iṣẹ́, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń sáré. Kì í ṣe torí kí ara mi lè tẹ́ẹ́rẹ́. Torí ìkíni ni. Díẹ̀díẹ̀, mo ń mọ ìlú náà láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi: ibi tí ó gòkè, ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbá ni mú lábẹ́ afárá, ilé tí ajá ti máa ń gbó lẹ́yìn ọgbà. Ibi tí mo bá ti sáré kọjá, kì í ṣe àjèjì sí mi mọ́. Mo forúkọ sílẹ̀ fún eré gígùn tí wọ́n máa ń sá yí ìlú náà ká lọ́dọọdún, kìlómítà méjìlélógójì. Mo ní bí mo bá sá a parí, mo ti dé ìlú yìí nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún ilé. Ìyá Múkáílà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí mi kú. Ọmọ rẹ̀, bọ̀dá Múkáílà, ń gun ọ̀kadà, òun ló ń gbé àwọn àgbẹ̀ lọ sí abúlé oko. Fóònù rẹ̀ ni mo fi ń bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé eré náà tó kí ènìyàn sáré kúrò n'Ígbó-Ọrà dé Èrúwà kó sì tún sáré padà, bọ̀dá Múkáílà bi mí bóyá kò sí ọ̀kadà lọ́hùn-ún.

*

Nígbà òtútù ni mo gbé àpò ìdọ̀tí jáde lẹ́yìn ibi iṣẹ́. Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ òsì yọ̀, ara yí, orúnkún kò bá a yí. Mo gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi tútù.

Awọ rírọ̀ tó wà láàrin eegun méjèèjì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn, ló ya. Wọ́n là á, wọ́n rán an. Wọ́n fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n rán bí yóò ṣe tún máa rìn. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"O máa padà sáré," ló sọ fún mi. "Díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ lóṣòó, o ò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ títí èmi á fi sọ pé ó tó. Bí o bá ká orúnkún yìí jù, ibi tí wọ́n rán á ya. Bó bá ya lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gé e kúrò ni, o ò ní sá eré gígùn mọ́."

Àkókò tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Mo wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ mi lórí ìrọ̀rí, mo ń wo ògiri. Nílé, bí ẹsẹ̀ bá ro èèyàn, ilé á kún. Ẹni tó mú omi gbígbóná wá ò ní jẹ́ kí ẹni tó mú òrí wá rí ibi jókòó, wọ́n á máa jà lórí ìwọ̀n iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú omi. Lọ́hùn-ún, ẹni kan ṣoṣo tó wá wò mí ni ọkùnrin oníkọ́ tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn mi. Ó ti rí igi tí mo fi ń rìn. Ó gbé ọbẹ̀ ewébẹ̀ wá, kò níyọ̀, kò láta, ó sì sá lọ kí n tó dúpẹ́ tán. Mo jẹ ẹ́ tán pátá.

Ìṣẹ́gun tèmi kéré nígbà náà. Ọjọ́ tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibùsùn láìfọwọ́ tì í. Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú. Ọjọ́ tí Hẹ́lẹ́nì ní kí n sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí mo sá a, tó ní, "Ó dára. Padà síbí." Mo sunkún lójú ọ̀nà ilé.

Mo ti ń sáré díẹ̀ létí odò nígbà tí bọ̀dá Múkáílà pè mí lórí fídíò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń ro ẹ̀bà. Ìyá Múkáílà kò fẹ́ràn fóònù tó ń gbé ojú hàn, ó ní òun kò mọ ibi tí òun máa wò. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn kan tí wọ́n fi pamọ́ fún mi, ó sì fẹ́ kí n rí i pé òun wà láàyè. Lójijì, ojú rẹ̀ kún inú fóònù. Ó ti rù. Ó pe oríkì mi.

Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí táìlì, orúnkún méjèèjì, ọmọ orógùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ kò dúró kó bi mí.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Hẹ́lẹ́nì, orúnkún ti wú bí òròǹbó. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó béèrè ohun tí mo fi ṣe. Mo ní mo kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wà?"

"Igbó-Ọrà."

"Ṣé ibẹ̀ kò jìnnà síbí?"

"Ó jìnnà. Inú fóònù ló wà."

Ó wò mí títí. Ó ní òun ti tọ́jú ẹni tó já bọ́ láti orí òrùlé, òun ti tọ́jú ẹni tí ẹṣin ta nípàá, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tí ìkíni ṣe léṣe.

Ibi tí wọ́n rán kò ya tán. Ó kù díẹ̀. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí n sún eré náà di ọdún tó ń bọ̀. Nílé, bọ̀dá Múkáílà sọ fún mi pé ìyá òun kò jẹun lọ́jọ́ tó gbọ́. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé, "Èmi ni mo lọ fi ojú mi ṣẹ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

*

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo gba ìsinmi, mo wálé. Eré náà kò ju bí oṣù mélòó kan lọ mọ́. Hẹ́lẹ́nì ní oòrùn á ṣe ẹsẹ̀ náà lóore, kí n máa sáré lọ, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ di ẹ̀yìn eré. Ó ní kí n tún un sọ fún òun kí n tó jáde. Mo tún un sọ.

Ìyá Múkáílà ti kéde fún gbogbo agbo ilé kí n tó dé. Bí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti na ọwọ́ sí mi bí ẹni ń dá mọ́tò dúró: má kúnlẹ̀, ìyá rẹ ti sọ fún wa. Mo ń tẹrí ba, mo ń fọwọ́ kan ilẹ̀, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀: ẹsẹ̀ òsì, Ọlọ́run á wò ọ́.

Ìdájí ọjọ́ kejì, mo wọ bàtà kánfáàsì, mo kọrí sọ́nà Èrúwà. N kò tíì rìn jìnnà tí àgbẹ̀ kan dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti yọ àdá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń lé èèyàn?"

Mo ní rárá, eré lásán ni mo ń sá. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà dá páropáro.

"Ẹ dúró nígbà náà," ló wí.

Látọjọ́ yẹn ni bọ̀dá Múkáílà ti ń gun ọ̀kadà tẹ̀ lé mi, ó fi ike omi kọ́ ọwọ́ rẹ̀, kó lè máa ṣàlàyé fún àwọn èèyàn. Mo gbọ́ àlàyé tó ń ṣe lẹ́yìn mi. Ó ń sọ fún wọn pé dókítà ló ní kí n máa ṣe é. Fún àwọn kan, ó ní ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rán mi. Àwọn obìnrin tó jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí ń kí mi kú eré. Nígbà tí mo bá dé apá Èrúwà, àwọn ọmọ Pólì tó ń lọ sí kíláàsì á bá mi sáré díẹ̀, wọ́n á yà bàrá.

Inú mi dùn lọ́nà yẹn. Ìlú tí mo ń fi máíkì ròyìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ kò wú. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ jìnnà ju ti àná.

N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ń sáré yẹn ń bá mi jà nílé.

Ohun táwọn èèyàn rí ni wọ́n sọ, pé mò ń sáré ṣùgbọ́n mi ò kúnlẹ̀, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí nìyẹn. Obìnrin ẹlẹ́gúsí kan sọ lójú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín: "Aṣọ ìlera láàárọ̀, aṣọ àìsàn lọ́sàn-án. Ọmọ òyìnbó mọ̀ ọ́n pààrọ̀." Òmíràn ní bí ẹsẹ̀ kan bá lè dé Èrúwà, ilẹ̀ iwájú ilé wa kò jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Sùúrà. Òun lọkùnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, òun ló pe orúkọ mi sí mi létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí mo kí i lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo tẹrí ba, kò dáhùn. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó yí ojú sápá kejì. Lẹ́yìn tí mo kọjá, ó sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé kí n máa lọ kí wọn ní Èrúwà, ṣebí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù lọ. Ìlú kan wà tí mo ti ń gbìyànjú láti wọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni. Èyí tí wọ́n bí mi sí wá ń tì. Bí mo bá kúnlẹ̀ fún Bàbá Sùúrà lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ á tán, eré náà sì lè bá a tán. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, màá sáré, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí màá máa pè ní ilé.

Ìyá Múkáílà pàápàá kò sùn dáadáa. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi láàárọ̀, ó dúró.

"Orúnkún tí kò lè kúnlẹ̀ kí Bàbá Sùúrà," ló wí, "ṣé òun náà ló ń lọ sí Èrúwà?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Mi ò sọ pé o purọ́. Mo fẹ́ rí i ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìborùn we orí, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gùn ún kẹ́yìn. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń da màlúù. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan àti bọ̀dá Múkáílà tó ń sọ fún un pé kó má wo ilẹ̀.

Nígbà tí a dé gáréèjì Èrúwà, níbi tí wọ́n ti ń kó èrò Ìbàdàn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bí mo ti máa ń ṣe. Ìyá Múkáílà jókòó tì mí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì náà lé itan ara rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó di gìgísẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, díẹ̀díẹ̀. Ó ń ká a, ó ń wo ojú mi. Kò wo orúnkún rárá. Nígbà tó dé ibì kan, ojú mi yí padà. Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tún na ẹsẹ̀ náà padà, ó fọwọ́ pa á.

"Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀," ló sọ fún bọ̀dá Múkáílà. "Ó ń lọ síwájú, kò ká. Mo ti rí i."

Lójú ọ̀nà, mo ti pinnu. Mo ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Sùúrà. Mo fẹ́ sá eré náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà kí bàbá tó pe orúkọ mi sí mi létí yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Múkáílà pé kó bá mi lọ. Ó ní òun ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsárì la débẹ̀. Bàbá Sùúrà jókòó sórí ẹní rẹ̀ níwájú ilé, àwọn bíi mẹ́ta jókòó tì í. Mo fọwọ́ kan ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara kalẹ̀. Ìyá Múkáílà mú mi nígùnpá. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ó fà mí dúró, ó tì mí kúrò lọ́nà.

Òun ló kúnlẹ̀. Ó kí bàbá náà bó ti yẹ: ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìsinmi, ṣé ara le. Bàbá Sùúrà dá a lóhùn. Ìyá Múkáílà gbé ọwọ́ lé itan, ó dìde, ó ń mí hẹlẹ. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún ni. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó.

Ó tún kúnlẹ̀.

Bàbá Sùúrà wò ó. "Ìyá Múkáílà, o ti kí mi."

"Èkíní, tèmi ni," ló wí. "Èyí, ti ọmọ mi ni. Lóko, bí ara ẹnì kan kò bá yá, ṣé a kì í bá a ro ebè tirẹ̀? Mò ń bá a ro ó ni. Bí wọ́n bá fún un láyè lọ́hùn-ún, á wá ro ó fúnra rẹ̀. Títí dìgbà náà, nígbàkígbà tó bá wá kí yín, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Bàbá Sùúrà na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá a mú léjìká, ó ń sọ pé dìde, dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo bàtà kánfáàsì mi tí eruku Èrúwà ṣì wà lára rẹ̀. Ó béèrè ẹsẹ̀ wo ni. Mo fi hàn án. Ó béèrè ìgbà tí eré náà jẹ́. Mo sọ fún un.

"Wá jókòó," ló wí. "Orí àga ni o. Má jókòó sílẹ̀."

*

Òjò winniwinni ń rọ̀ lọ́jọ́ eré náà. Àwa tí a wà nídìí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ lọ bí eéṣú. Mo sáré kọjá gbogbo ibi tí mo mọ̀: abẹ́ afárá, ilé alájá, ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n ti fi àga onítáyà gbé Màmá Jóònì jáde sí etí títì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó títí dé àgbọ̀n. Mo dúró kí n kí i. Ó ju ọwọ́ sí mi.

"Máa lọ. O ń dí mi lójú."

Títí dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà, orúnkún kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo dúró, mo fọwọ́ kàn án bí Hẹ́lẹ́nì ṣe kọ́ mi. Kò wú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, bó ti rẹ gbogbo ara tó kù. Mo ń rìn díẹ̀, mo ń sáré díẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lára mi. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń kọjá mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó ike omi kúrò nílẹ̀. Mo rántí bọ̀dá Múkáílà, mo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan máa dún lẹ́yìn mi. Mo ń bá ẹsẹ̀ òsì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Mo ní, ẹ̀ka ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ìwọ àti èmi.

Mo dé ìlà ìparí. Ọkùnrin kan fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn, ó ń wo aago rẹ̀. Mo fara ti igi, mo pe ilé. Mo gbọ́ tí bọ̀dá Múkáílà ń kígbe pé ó ti dé, ó ti dé, kí wọ́n pe Bàbá Sùúrà wá. Ìyá Múkáílà gba fóònù.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Kò wú."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ títí. Ó wá béèrè bóyá àwọn tó ṣíwájú mi pọ̀. Mo ní wọn kò ṣeé kà.

"Àwọn tó kù lẹ́yìn ńkọ́?"

"Díẹ̀ ni. Wọ́n ṣì ń bọ̀."

"Ta ló dúró dè wọ́n?"

Mo wo ìdí ìlà. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ láàárọ̀ ti lọ jẹun. Ọkùnrin mẹ́dàlì ń di ẹrù rẹ̀. Mi ò rí ẹnì kankan. Mo sọ fún Ìyá Múkáílà pé màá padà pè é.

Mo tiro lọ dúró síbẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan dé, mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo bá a tú okùn bàtà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì dé, wọ́n dìrọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan ń sunkún. Mo kí wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹlòmíràn tó yọ. Òjò ti dá. Obìnrin kan ló ń bọ̀ lójú títì gbòòrò náà, òun nìkan, ó fi aṣọ we orí, ọwọ́ kan wà ní ìbàdí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìlú yẹn. Ó ń wo apá ọ̀tún, ó ń wo apá òsì, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa pe orúkọ òun.

Nígbà tí ó tẹ ìlà mọ́lẹ̀, mo gbá a mú.

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. "Ẹ kú ìrìn."

Ó dá mi lóhùn ní èdè tí èmi náà kò gbọ́. A di ara wa mú, a sì jọ rìn kúrò lójú títì.